Ènì Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Bí mo bá sọ fún àwọn tí mo kọ́ nígbà kan rí pé àárín ìgbà Ìyípadà, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ni mo rẹ́rìn-ín jù láyé mi, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí ọjọ́ ogbó ti ń dà lórí rú. Wọ́n ti gbọ́ pé ńṣe ni gbogbo ènìyàn dákẹ́ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀: a dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí a dákẹ́. Nídìí agbàdo ní àdúgbò Zongo, ẹnì kankan kò dákẹ́.

Ọmọ Kétu ni mí, mo jẹ́ olùkọ́ ní Parakou, ilé mi sì wà ní àdúgbò Banikanni. Wọ́n fún mi láàyè ọdún méjì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa ọrọ̀-ajé ìdàgbàsókè ní yunifásítì ní Kùtọnú. Ọdún àkọ́kọ́, a jókòó ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ wa ní ìdí tí ìlú kan fi ń lọ síwájú tí èkejì fi ń wò ó lẹ́yìn. Ọdún kejì, kálukú ní láti lọ ṣe ìwádìí, kí ó sì kọ ìwé lé e lórí. Mo padà sí Parakou, mo sì mú agbàdo gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo máa ṣe ìwádìí lé lórí. Mo fẹ́ mọ bí iye tí wọ́n ń tà á ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀, láti ìgbà ọ̀wọ́n títí di ìgbà tí tuntun bá dé.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sí Zongo pẹ̀lú ìwé tí mo ti fi rúlà fa ìlà sí. Ìyá kan wà níbẹ̀, Mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Parakou, tí ó ń ta agbàdo níwájú ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ wọnnì, kámáráàdì ni ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa. Ìyá yìí gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀, débi pé ó ń pe ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Kámáráàdì, kúrò nídìí àpò yẹn,” ni yóò sọ fún ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí mi: “Kámáráàdì olùkọ́, ìwé yẹn kò tíì kún?”

“Kò tíì kún, ìyá. Èló ni abọ́ kan lónìí?”

“Iye tí ó wà lára pátákó ni.”

Ìjọba ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sára pátákó lẹ́nu ọjà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi obìnrin tí ó ń ta ẹ̀wà àti agbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye kan náà ni. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, iye kan náà. Oṣù mẹ́ta gbáko, àtẹ iye inú ìwé mi dúró gbọnin bí ògiri.

Mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní Kùtọnú. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé èsì rẹ̀ wá: “Kámáráàdì, àtẹ rẹ kò mí. Ohun tí kò bá mí, sínsin là ń sin ín, a kì í ṣe ìwádìí rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, n kò ní fọwọ́ sí i.” Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, mo máa padà sí kíláàsì lọ́wọ́ òfo. Wọn kì í fún olùkọ́ láàyè ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ sí Zongo láti lọ dúpẹ́, kí n sì dágbére. Òjò ń ṣẹ́. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò ra agbàdo lọ́wọ́ ìyá náà rí, nítorí wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí kò gbọdọ̀ bá ẹni tí ó ń bi léèrè ṣe káràkátà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti kú, nítorí náà mo ní kí ó wọn abọ́ kan fún mi. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ kí ó tẹ́, ó sì dà á sínú àpò mi. Mo ṣì la ẹnu àpò sílẹ̀.

“Kí lo ń dúró dè?”

“Ènì mi, ìyá.”

“Ènì? Nínú òjò yìí? Ọmọ Kétu, agbàdo ti wọ́n.”

“Wọ́n báwo? Ṣebí ẹ ní iye kan náà ni.”

“Iye kan náà ni. Pátákó ló ni iye. Èmi ni mo ni ènì.”

Obìnrin tí ó ń ta ẹ̀wà dá sí i. “Nígbà tí o kọ́kọ́ dé, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ló ń bù fún ènìyàn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kan. Ní báyìí, bí o kò bá ṣọ́ra, yóò ní kí o bu díẹ̀ padà.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Èló lo ń bèèrè,” ni ìyá náà wí. “Ìwọ náà kò ra nǹkan.”

Mo jókòó sórí àpò agbàdo, ẹ̀rín sì pa mí. Láti kékeré ni mo ti ń la ẹnu àpò fún ènì lọ́jà Kétu. Mo kàwé títí dé Kùtọnú, n kò sì rántí pé ènì wà, pé òun ló ń dín kù nígbà tí iye kò lè gòkè. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń wò mí, nígbà tó yá wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú òjò títí dé Banikanni, aládùúgbò mi sì bi mí pé ta ló bímọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni mo ti ń mú agolo tòmátì kan lọ́wọ́. Mo ṣèlérí fún ìyá náà pé n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá náà bá fẹ́ bu ènì fún oníbàárà, yóò kọ́kọ́ dà á sínú agolo mi kí n wo ibi tí ó dé. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ jù. Bí mo bá ti yọ, ènì á di òkìtì.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú bí ẹni pé n kò sí níbí.”

“Bí o kò bá sí níbí, n kò ní bu nǹkan kan.”

Mo wá ń fi agolo sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì ń yọjú wò ó láti ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ agolo ni. Nígbà tí agbàdo tuntun dé, ó gùn dé ìdajì, lẹ́yìn náà ó kún dẹ́nu. Iye orí pátákó kò yẹsẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo àtẹ mi bí ẹni ń wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kùtọnú fúnra mi. Ọ̀gá náà kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún un kà. Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ìyá mi ń ta gàrí ní Ìdàáṣà,” ni ó wí. “Èmi ni mo máa ń bá a bu ènì fún oníbàárà.” Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo padà, Zongo ni mo ti ibùdókọ̀ lọ tààrà. Mo ròyìn fún ìyá náà. Ó gbọ́, ó mi orí, ó wọn abọ́ kan sínú àpò mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ènì: ẹ̀kúnwọ́ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ọwọ́ mi ti wọ inú àpò ìwé mi lọ mú agolo, kí n tó mọ̀.

Ó gbá mi lọ́wọ́. “Gbé agolo yẹn sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ìwé.”