Ọjọ́ tí Alhaja ní kí Ọ̀gá mi tọ́ kẹ́míkà sátẹ́láìtì wò

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ìkòsì, láyé ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀, tí èmi náà ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ sátẹ́láìtì là ń ṣe, ní Ìkòsì, nínú ilé tí iná kì í wà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò ti rín in kó tó kàn yín.

Sátẹ́láìtì kékeré tó wà lókè lọ́hùn-ún nílò ẹ́ńjìnnì kékeré tí á máa tì í díẹ̀díẹ̀ kó má baà yà kúrò lọ́nà. Kẹ́míkà olómi ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu. Èyí tí wọ́n ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ burú púpọ̀, èéfín ẹ̀ lásán lè ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́. Àwa wá ń ṣe èyí tí oró ẹ̀ kéré. Pẹrọ́sáìdì la mú, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò, àmọ́ tiwa le jùyẹn lọ fíìfíì. Tó bá kan àwọ̀n fàdákà inú ẹ́ńjìnnì, ooru gbígbóná ló máa fọ́n jáde. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ó kù díẹ̀ ká tàn án wò, inú mi sì ń dùn bí ọmọ tó fẹ́ ṣọdún.

Ọ̀gá mi, tí à ń pè ní Dókítà (ti ìwé o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́), ló rẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé Alhaja kan tó ń ta epo pupa ní Mile 12. Dókítà fúnra ẹ̀ ń gbé Magodo. Ilé ẹ̀ láyè dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ kí kẹ́míkà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òun. Ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹnì kan lọ bá Alhaja pé májèlé là ń pò lẹ́yìnkùlé. Alhaja ránṣẹ́ pè wá, ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, ká kẹ́rù wa. Bí a ṣe ń lọ, mo ní kí Dókítà jẹ́ ká ṣàlàyé: oró ẹ̀ kéré, kò tán, ìdí nìyẹn tá a fi ń wọ gílọ́ọ̀fù. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fóun, pé irú àwọn èèyàn yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ "kéré".

Ló bá tún táì ẹ̀ ṣe níwájú Alhaja àti gbogbo ayálégbé, ó ní kò sí oró níbẹ̀ rárá, pé èèyàn lè fi wẹ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọwọ́! Mo wojú ẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà.

Alhaja ní ó dáa. Ó ní ní ọjà àwọn, ẹni tí wọ́n bá fura pé ó po nǹkan mọ́ epo, ṣe ló máa ti ìka bọ kẹ́ẹ̀gì, á lá a lójú oníbàárà. Kí Dókítà tọ́ tiẹ̀ náà wò.

Òógùn bò ó. Mo sọ sí i létí pé kò ṣeé tọ́ wò, ó ní kí n lọ gbé e wá jàre. Mo bu díẹ̀ wá nínú ife. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ irú èèyàn tí mò ń bá ṣiṣẹ́.

Dókítà ti ìka ìlábẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wá fi ìka àárín sẹ́nu, ó lá a, ó ń mi orí bí ẹni tó rí oyin. Ọgbọ́n ló rò pé òun dá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọgbọ́n tí àwọn oníjìbìtì epo ń dá ní Mile 12 gan-an nìyẹn? Alhaja ti ń mú wọn tipẹ́tipẹ́. Ó ní, "Dókítà, ìka tẹ́ ẹ tì bọ̀ ọ́ kọ́ lẹ lá yẹn. Èyí tó tutù ni kẹ́ ẹ lá."

Ìka náà sì ti ń funfun báláú. Dókítà fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ta á dójú ẹ̀, ó ki gbogbo apá bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, tòun ti aago. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé.

Alhaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó ní kí n sọ òótọ́. Mo sọ ọ́: ó ń jó ara, àmọ́ kò burú tó ti tẹ́lẹ̀, tó bá dà sílẹ̀, ká da omi púpọ̀ lé e. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó wá bi mí bóyá àwọn ọmọ tó ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa náà ní gílọ́ọ̀fù. Mo ní wọn ò ní.

Ó ní ká ní bí mo ṣe sọ ọ́ yìí la ṣe kọ́kọ́ wí, òun ní ilẹ̀ òfìfo kan ní Sangisa, tí ìjọba ò tíì bá òun jà lé lórí, òun ì bá ní ká lọ máa ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò ní fi ilẹ̀ òun fún ẹni tó ń lá ìka tí kò tutù.

A kẹ́rù lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé omi tíì ló jó òun. A ò ríbi tan ẹ́ńjìnnì mi wò mọ́, ó wọ páálí, ibẹ̀ ló kú sí. Inú sì ń bí mi dòní.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Tí nǹkan bá sàn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá wo ló ti fi ẹnu ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ rí? Ẹ wá sọ tiyín, ká jọ bú wọn.