Ọ̀dà Ara Ọkọ̀ Kàsímù

Mùsílímátù wà ní tákàbà, ìyẹn ìgbà opó, nígbà tí Súbérù, àbúrò ọkọ rẹ̀, wá béèrè àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun ọkọ̀ ojú omi tí olóògbé fi sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò wọlé. Ó dúró sí ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, bí ọkùnrin tí kì í ṣe bàbá tàbí ọmọ ṣe máa ń bá opó sọ̀rọ̀ nínú ìdílé wọn, ó sì gbóhùn sókè díẹ̀.

"Ìyàwó wa, búlúù ni àbí pupa?"

"Èyí tó bá wù yín, ọkọ mi."

"Ìwọ ni mò ń bi."

Mùsílímátù ní kò sí èyí tí kò dára níbẹ̀. Súbérù bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ló ṣe ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Kàsímù ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkùnrin náà, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì gbé e lọ, Mùsílímátù ka àdúrà tí wọ́n ní kó kà, ó wọ aṣọ tí wọ́n ní kó wọ̀, ó jókòó síbi tí wọ́n ní kó jókòó sí. Kò sunkún. Àwọn ẹbí tó ti Ìlọrin wá ń wojú ara wọn. Màrdíyà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń ṣàlàyé fún wọn pé ìyá òun ń ṣe ìfaradà ni. Kì í ṣe ìfaradà. Nígbà tí ẹnì kan bi í bí ara rẹ̀ ti rí, ó ní ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú.

Lọ́kọ́jà ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò àtijọ́ tó sún mọ́ odò, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Kàsímù, tó ń fi ọkọ̀ onígi kó èrò kọjá sí Ṣíntákù ní òdìkejì. Nígbà tí ọkọ̀ onígi náà jẹrà, Kàsímù ra ti alumíníọ̀mù kékeré kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kúrò nílùú. Àwọ̀ ewé ló kùn ún, ó fa ìlà funfun kan sí i létí. Lọ́dọọdún, kí omi tó kún, á fa ọkọ̀ náà wá sí ilẹ̀ gbígbẹ. Mùsílímátù á máa fi igi ro ọ̀dà fún un nínú agolo, òun á máa tún ibi tó bó ṣe. Àwọn obìnrin tó ń lọ ọjà Ṣíntákù kò nílò kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ewé yẹn láti òkèèrè, wọ́n á ti sọ̀kalẹ̀ sí etí omi.

Àwọ̀ yẹn kan náà ló wá di wàhálà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Súbérù bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò rí èrò.

"Ẹ wọlé, a ti fẹ́ gbéra."

"Ká wọ ọkọ̀ Kàsímù? Ṣé òun náà wà nínú ẹ̀?"

"Ṣé ọkọ̀ ń kú ni?"

"Ọkọ̀ kì í kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn jìnnà ná."

Ọkọ̀ yìí ló ń bọ́ Mùsílímátù àti ọmọ rẹ̀. Wọn kò ní òmíràn. Súbérù sì ti sọ fún Màrdíyà pé bí èrò kò bá padà kí omi tó fà, òun á tà á fún àwọn tó ń wa yanrìn nínú odò. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí àwọn yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ó kùn ún bí wọ́n ṣe ń kun ọkọ̀ onígi létí odò náà láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó da ọ̀dà búlúù lé e nípọn, ó ń dúró kí ara ọkọ̀ mu ún. Ọkọ̀ náà dán. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n gbé ẹrù wọn lé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Màrdíyà wá ròyìn fún ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù ní ó dára.

Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kì í mu ọ̀dà bí igi. Kò pẹ́ rárá tí búlúù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí awọ ara tí omi gbígbóná jó, tó sì ń ṣí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ó ń lẹ̀ mọ́ ìró àwọn èrò. Ní àárín odò, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó rí àwọ̀ ewé àti ìlà funfun lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn, ó ń yọjú o!"

"Ta ni?"

"Ta lẹ tún ń bi? Kàsímù ni!"

"Súbérù, o fi aṣọ bo ẹ̀gbọ́n ẹ lójú, o rò pé kò ní ṣí i?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ka àdúrà. Wọ́n sọ̀ ní Ṣíntákù, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n sì wọ̀ padà. Súbérù nìkan ló wa ọkọ̀ òfìfo wálé.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú Obed wá sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ìjùmú ni Obed, ó máa ń kun mọ́tò ní àdúgbò Felele. Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn.

"Okun o, ìyá."

"Okun, ọmọ mi. Ẹ káàbọ̀."

"Mo ti rí ọkọ̀ yẹn. Bọ̀dá Súbérù kùn ún bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì."

"Obed, mi ò pè ẹ́ wá bú mi."

"Mi ò bú yín. Búrẹ́dì yẹn ló ń bú yín." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, a gbọ́dọ̀ ha á dé ara alumíníọ̀mù gan-an. Búlúù á lọ, àwọ̀ ewé náà á lọ. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan wà tá a máa ń kọ́kọ́ fi pa á, kí òmíràn lè dì í mú. Màá ní kí wọ́n bá mi mú un wá láti Àbújá. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ tó bá wù yín la máa kùn. Kódà àwọ̀ ewé, bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ẹ."

Súbérù ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ló wà lára ọkọ̀ yẹn, òun kò sì ní fọwọ́ òun ha á dànù láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó wa, má wulẹ̀ sọ pé èyí tó bá wù mí," ó ní. "Kò sí èyí tó wù mí."

Mùsílímátù sún mọ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà náà.

"Tẹ́ ẹ bá ha á tán, tẹ́ ò kun nǹkan kan lé e, ṣé omi á jẹ ẹ́?"

"Omi odò yìí? Rárá o. Kì í dípẹtà. Á kàn ṣú díẹ̀ ni," Obed dáhùn.

"Báwo ló ṣe máa rí?"

"Bí ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se ìrẹsì."

"Kò sẹ́ni tó ń kun ìkòkò. Ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Láìsí àwọ̀?" Súbérù béèrè. "Báwo ni èrò á ṣe dá a mọ̀?"

"Dídá tí wọ́n dá a mọ̀ ló lé wọn lọ, ọkọ mi."

Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti bébà oníyanrìn ha á. Màrdíyà lọ bá wọn ṣe é, ó sì padà dé pẹ̀lú eruku aláwọ̀ ewé nínú irun. Ìyá rẹ̀ pọn omi sínú bàsíà, ó tẹ orí ọmọ náà ba, ó ń fọ̀ ọ́. Omi náà di àwọ̀ ewé. Mùsílímátù dúró, ó ń wò ó. Ó ń retí kí nǹkan kan gún òun láyà. Kò sí nǹkan tó gún un. Ó da omi náà sí gọ́tà, ó ṣan bàsíà, ó sì bi Màrdíyà bóyá ó ti jẹun.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ náà, lẹ́nì kan, lẹ́ni méjì. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ẹni tó ń wà á. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lára rẹ̀ mọ́ tí ojú wọn lè dúró lé. Súbérù kò dárúkọ àwọn awayanrìn mọ́.

Nígbà tí tákàbà parí, Mùsílímátù wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò lọ́sàn-án. Ó jókòó sáàárín àwọn èrò bí èrò. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lé itan ń fọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Ta ló tiẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń tanná síni lójú yìí?"

Súbérù bojú wẹ̀yìn wo Mùsílímátù.

"Èmi ni," Mùsílímátù wí.

"Ẹ yáa wá nǹkan tẹ́ ìjókòó ẹ̀ o, ìyá. Ìdí mi ti fẹ́ jinná."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Mùsílímátù tó mọ̀ pé ìjókòó náà ń jó òun náà. Ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sọ fún obìnrin náà pé òun á mú àpò wá tẹ́ ẹ lọ́la.