Ìjókòó Tí Mo Gé ní Ọ̀sìẹ̀lẹ̀

Ọ̀sìẹ̀lẹ̀ la dé tí Alàájì fi ní ká yí padà sílé. Ọrùn ń dùn wọ́n.

Èmi ni mo fà á. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán ìjókòó ọkọ̀ ní Òwu, láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ girama. Ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ ni Alàájì, oníbàárà mi, ní, ó dàgbà jù mí lọ. Mo ki fóòmù tuntun sínú ìjókòó iwájú, mo ní kí wọ́n jókòó wò ó, ó sì bá wọn mu. Àmọ́ wọn ò dé fìlà lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, fìlà gogoro ló wà lórí wọn, gbogbo kòtò tí a bá sì bọ́ sí ni òrùlé ń tẹ̀ wọ́n lórí.

Kúdírátù, ọmọ wọn tó ń wakọ̀, ní, "Bàbá, ẹ ṣí fìlà yẹn, ẹ gbé e lé itan."

"Kí n lọ bá àwọn ṣójà láìdé fìlà?"

"Ọkọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ ò fẹ́ lọ joyè."

"Yí padà, jàre."

Mo mọ ohun tí ìrìn yẹn jẹ́ fún wọn. Nígbà èwe wọn, ọkọ̀ òfurufú ogun ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n gbọ́ pé irú rẹ̀ kan wà ní bárékè ṣójà kan níwájú, ojú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bí a bá padà, bóyá ni wọ́n á tún rí i.

"Kúdí, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà," ni mo wí.

Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Má rán ìjókòó fún ọkọ̀. Ẹni tó máa jókòó ni kó o rán an fún." Mo yọ ìjókòó náà, mo tú ìdí rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gé lára fóòmù náà. Ó dùn mí, torí mi ò tíì ki èyí tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an padà.

Alàájì jókòó, fìlà wọn dúró ṣánṣán. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Rọkíbà, o ti gé mi kúrú." A ń bá ìrìn lọ.

Ní bárékè, Alàájì fọwọ́ pa ikùn ọkọ̀ òfurufú náà. Orúnkún wọn ò gba àkàbà, ṣójà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má ṣubú. Alàájì ní kí n gùn ún, kí n máa sọ ohun tí mo bá rí fún àwọn. Mo bọ́ bàtà.

"Kí lo rí lápá òsì?"

"Irin kan bí ọwọ́ omorogùn, orí rẹ̀ pupa."

"Ó ṣì wà. Iwájú ńkọ́?"

"Àwọn ojú bíi ti aago. Kékeré tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́."

"Ìyẹn ò ṣiṣẹ́ nígbà tèmi náà."

Ṣójà rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ohun kan ṣoṣo.

"Ìjókòó rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wù mí kí n purọ́. "Lẹ́dà rẹ̀ ti jẹrà, Alàájì. Irin nìkan ló kù."

Ọwọ́ wọn ṣì wà lára ọkọ̀ náà.

"Jókòó lé e."

Mo jókòó.

"Ṣé ó gbà ẹ́?"

"Ó gbà mí, sà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Má tíì sọ̀ kalẹ̀."