Ohun Tí Má-fọwọ́-kàn-án Fi Pamọ́ fún Àbúrò Rẹ̀

Inú fùfù ni kápẹ́ńtà yìí ní. Bí oníbàárà bá fọwọ́ kan àga tí kò tíì gbẹ, á jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé ojú òun ló fọwọ́ tọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dára, àwọn tó bá bú lónìí a tún padà wá lọ́la.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀, ni kò lè rí sójú. Nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun ń pa bàbá wọn lọ, Má-fọwọ́-kàn-án ló ń gbé bàbá dìde, òun ló ń fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́. Àbúrò wà ní yunifásítì, ó ń ṣe ìdánwò. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti sin bàbá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ ti yege?” Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn rí ló ń kí báyẹn. Gbogbo ilé mọ̀ pé èébú ni.

Nígbà tó yá, Má-fọwọ́-kàn-án náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó pa á mọ́ra títí ó fi dákú sórí pákó tó ń fi ayùn rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí kókó nínú ìfun rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ilé ìwòsàn yẹn gan-an sì ni àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá àyẹ̀wò.

Ó wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn.

“Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrọ́jú.”

“Ẹ ṣé, Dókítà. Ṣé ẹ wá wò ó bóyá mo ti fẹ́ kú ni?”

Àbúrò gbé e mì. “Tí wọ́n bá gé kókó náà, a fẹ́ gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ká sì gba díẹ̀ lára ìfun tó dára tó wà nítòsí. Jíìnì tá a jogún lọ́wọ́ òbí ló ń sọ ohun tí ara máa ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rí bákan náà nínú méjèèjì. Àmọ́ nínú kókó, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àwọn kan tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ti dákẹ́. A máa ń fi èyí wé èyí ká lè mọ ohun tó bà jẹ́.”

“Ẹ tún fẹ́ gé èyí tó dára náà?”

“Kò sí bí wọn ò ṣe ní gé díẹ̀ lára rẹ̀. Wọn kì í gé kókó nìkan.”

“Ẹ gbé e,” ló wí. “Ẹ ò wá gbé bàbá mi nígbà tó wà láàyè. Ẹ wá gbé ìfun mi.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Ní yàrá àyẹ̀wò, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ìgò, kì í ṣe orúkọ. Láàrin ọ̀pọ̀ ìgò tó kọjá lọ́wọ́ àbúrò, ọ̀kan wà tí jíìnì kan tó yẹ kó máa tún àṣìṣe ara ṣe ti dákẹ́ pátá nínú kókó, tó sì ń ṣiṣẹ́ lára ìfun tó dára. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ránṣẹ́ sí dókítà tó mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà. Àbúrò ò mọ̀ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, ó bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ Má-fọwọ́-kàn-án wò. Lẹ́yìn náà ni dókítà pe òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó.

“Jíìnì tó bà jẹ́ yìí, wọ́n bí i mọ́ yín ni, bàbá. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ bàbá yín ló ti wá. Ó lè wà lára àwọn ọmọ yín, ó lè wà lára ọmọ ìyá yín. Ẹ ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò.”

“Màá sọ fún àwọn ọmọ mi.”

“Àbúrò yín ńkọ́?”

“Mi ò ní àbúrò.”

Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Dókítà ní òun ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

“Ẹ má sọ. Ṣebí òun ló ń fi ẹ̀rọ wo ìfun èèyàn. Kó wo ti ara rẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ lọ dúró síwájú yàrá àyẹ̀wò títí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi jáde.

“Àǹtí mi, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, àìsàn tó pa Bàbá lè wà lára yín. Ọkọ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ ti wá gbọ́ báyìí.”

Wọ́n bá jíìnì náà lára rẹ̀. Wọ́n yẹ ìfun rẹ̀ wò, wọ́n rí kókó kékeré kan tí kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n sì yọ ọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?”

Má-fọwọ́-kàn-án ò gbójú sókè. “Bàbá kú, ayé ò parẹ́.”

“Ta ló ránṣẹ́ pè mí nígbà yẹn? Ìwọ lo wà nílé! Ìwọ lo ní àìsàn rẹ̀ ò tíì le!”

Ẹ̀gbọ́n ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

“Èmi lò ń pè ní ìwọ?”

“Ìwọ ni!”

“Jáde! Jáde níbí!”

Àbúrò gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì jáde.

Ọkùnrin náà délé, ó dojú ìjà kọ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lé èmi náà. Mi ò ní bá yín pa èèyàn.” Ọkọ rẹ̀ ò jẹun.

Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, àkọ́bí tó ń ṣe irun ni wọ́n bá jíìnì náà lára rẹ̀. Wọ́n fún un ní omi tó máa fi ṣan inú kí wọ́n tó yẹ ìfun rẹ̀ wò. Bó ṣe ń mu ún ló ń bì í. Bàbá di ife mú, ó ń pariwo mọ́ ọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá mú fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

“Ọmọ yìí ò lè mu omi yẹn. Ó ń bì í.”

“Ẹ gbé e sí fíríìjì, kó tutù dáadáa. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.”

“Ṣé wọ́n máa rí nǹkan?”

“Mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá rí kókó, wọ́n á yọ ọ́ kó tó di jẹjẹrẹ.”

Ó pa fóònù láì dúpẹ́. Ó ti ìkòkò ọbẹ̀ sẹ́yìn nínú fíríìjì, ó gbé ife náà sínú rẹ̀, ó sì fa àga jókòó síbẹ̀, ó ń retí kó tutù.