Ọ̀rọ̀ Tèmi ni Wọ́n Fi Bẹ̀ Mí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agbo ilé wa ní Ìlá, bí ọmọdé bá ṣẹ àgbà, kì í ṣe pàṣán ló máa ń bà á lẹ́rù jù. Ẹnu ara rẹ̀ ni. Wọn a mú un lọ síwájú ẹni tó ṣẹ̀, wọn a ní kó sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, wọn a ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní kí ló le níbẹ̀. Ẹ dúró ná.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé tó kọjú sí tiwa. Opó ni, gbodo ló ń ṣe tà, orí àpáta ẹ̀yìn ilé ló sì máa ń sá iṣu náà sí kó lè gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun ṣọ́ ọ títí òun yóò fi ti odò dé. Mo ní kò burú. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi kọjá, wọ́n ń lọ ṣa àgbálùmọ̀, mo bá tẹ̀ lé wọn. Kí n tó padà, ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó wù wọ́n jẹ, wọ́n sì ti yàgbẹ́ sórí èyí tó kù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ìyá àgbà ní, "Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ìwọ ńkọ́?" Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo ní àwọn ẹgbẹ́ mi ló pè mí. Ó ní, "Àwọn kọ́ ni mo bẹ̀ níṣẹ́." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń sunkún, mo ní bí mo ṣe gbọ́ àgbálùmọ̀, n kò tiẹ̀ rántí gbodo mọ́ rárá. Ó wò mí títí, ó ní, "Òótọ́ nìyẹn." Ó sì fà mí mọ́ra. Ìtìjú ọjọ́ náà ṣì wà lára mi dòní, ìfẹ́ ìyá náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tòde òní, nítorí òun ló há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ẹ̀yin tí mò ń sọ ọ́ fún kò mọ ilé wa, n kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń ti oko bọ̀ ní ìyálẹ̀ta, ọlọ́kadà kan gbá mi láti ẹ̀yìn, mo sì ré bọ́ sínú kòtò àgbàrá. Mo rí i bó ṣe gbé ọ̀kadà rẹ̀ nílẹ̀. Mo ké sí i pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀." Kò wẹ̀yìn. Oòrùn ti kan àtàrí kí ẹnì kan tó bá mi níbẹ̀. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló dùn mí jù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ó gbọ́ mi? Bí kò bá gbọ́, mo gbà pé ẹ̀rù ló gbé e sá. Bó bá gbọ́ tó sì lọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n padà mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀kadà ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Èkó fárígá pé ọlọ́pàá ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Mo ní rárá, kí wọ́n mú un wá sílé. Arábìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ ìlàjà wá bá wa dá sí i, ọmọlúàbí ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ wá jókòó ti èmi nìkan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí igbe tí mo ké. N kò sọ ti igbe yẹn fún ẹlòmíràn rí, kódà ọmọ mi kò mọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́. Mo rò pé kó má baà gbàgbé ni.

Lọ́jọ́ ìlàjà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde sórí eékún, ó sì mú fóònù jáde. Baálé wa bojú jẹ́. Ó ní, "Ṣé kò lè fẹnu sọ ọ́ ni?" Arábìnrin náà ní, "Baba, ẹ má bínú, ojú ló ń tì í." Èmi gan-an, èmi tí mo sunkún nítorí gbodo, ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kó kà á. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀làjú ni mí.

Ẹ̀bẹ̀ náà dùn létí. Ó kà á pé, "Ìyá, mo gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí ní ọmọ yín. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ní kí n má fi yín sílẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Wọ́n pa obì, mo jẹ, òun náà jẹ. Nílé wa, ẹni tó bá ti jẹ obì ìlàjà kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹni tó bá tú u wò ló di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, arábìnrin yìí wá kí mi tayọ̀tayọ̀. Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ran àwọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ inú fóònù tó ń kọ̀wé bí ènìyàn. Òun kó ọ̀rọ̀ tèmi àti ti ọmọkùnrin náà sí i, òun sì ní kó kọ ẹ̀bẹ̀ tí yóò wọ ìyá àgbà lọ́kàn. Mo bi í pé kí ni ọmọkùnrin náà sọ.

Ó ní, "Kò sọ púpọ̀, mà. Ó kàn ní òun ń bẹ̀bẹ̀ ni."

"Ṣé ó sọ pé òun gbọ́ igbe mi?"

Ó ní, "N kò rántí, mà. Ó lè jẹ́ inú ọ̀rọ̀ tiyín ni ẹ̀rọ ti mú un. Ṣùgbọ́n ó kà á, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn."

Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ fi sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu, tó fi wá bẹ̀ mí. Inú bí mi débi pé n kò lè sìn ín jáde. Ta ni mo fẹ́ rò ó fún? Bí mo bá sọ fún baálé, mo ti tú obì. Bí mo bá sọ fún ọmọ mi, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò gbà lọ. Mo bá pa ẹnu mi dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò yẹ àdéhùn tí a ṣe lọ́jọ́ ìlàjà. Gbogbo Sátidé ló ń wá bá mi ro ẹ̀yìn ilé. Lọ́jọ́ kan tó parí iṣẹ́, kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí èèkù àdá láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ìyá, lọ́jọ́ ọ̀nà oko yẹn, mo fẹ́ sọ fún yín pé…"

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Inú agbo ilé wa la ṣáà ti tọ́ ẹnu náà. Mo ní, "Háà! A ti jẹ obì, ọmọ mi. A kì í sọ ọ́ mọ́."

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó gbé àdá rẹ̀, ó lọ. Inú mi ń pè é padà, ẹnu mi kò pè é.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ṣòro í rí, ẹni tó bá rí i ti jìyà kó tó rí i. Lónìí ó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ti dùn kí ẹni tó jẹ̀bi tó la ẹnu. N kò ní kí ẹ ju fóònù yín nù, òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ ẹni tó ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kólòlò. Mo ti dárí jì í, gbogbo ilé ló jẹ́rìí sí i. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yóò tún kí mi lẹ́nu ọ̀nà, n ó dá a lóhùn, n kò sì ní mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.