Máṣíìnì Tí Kò Dún

Ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi máa ń gbé búútà omi sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a pe ìrun Aláásárì. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́. Ọjọ́ tí irú alùpùpù kan bá ń bọ̀ ní àdúgbò ni. Alùpùpù náà ga, sàlẹ́ńsà rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì máa ń ki bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wúkọ́ láti inú àyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà ìlú wa ló ń gùn ún, nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í wọ́n. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, yóò dìde lórí àga rẹ̀, yóò bu omi sínú búútà, yóò gbé e sí ibi tí ògiri ṣíji bò, yóò sì padà jókòó. Máṣíìnì á kọjá lọ. Omi á wà níbẹ̀.

Irú máṣíìnì yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gùn. Ayépé ló ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Bí ó bá ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́, ó máa ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì ní kọ̀rọ̀ tó wà níwájú ilé wa, ìyá mi á sì ti gbé omi àlùwàlá rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, omi yìí mà ti tutù jù," ni yóò wí.

"Ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbóná kó lọ gbéyàwó," ni ìyá mi yóò dá a lóhùn.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, débi pé àwa yòókù nínú ilé kò gbọ́ ọ mọ́.

Ní ọjọ́ òjò kan, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan ya kúrò ní apá tirẹ̀ lójú ọ̀nà Ayépé. Ilé ni a wà, a kò mọ nǹkan kan. Máṣíìnì tí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n mi kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi sì gbé búútà síta. A kò gbọ́ họ́ọ̀nù. A kírun, a jókòó, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹni tí ó mú ìròyìn wá kò rí búútà náà nílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá a, omi sì dà sí wa lẹ́sẹ̀ kí ó tó lè la ẹnu. A gbà fún Ọlọ́run. Òun ló fún wa, Òun ló gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti gbọ́ ohùn yẹn, yóò gbé omi síta, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A kò béèrè. Àwọn ará ilé ń wojú mi, nítorí pé èmi ni Áfà. Èmi ni mo ń jókòó níwájú àwọn ènìyàn ní mọ́ṣáláṣí tí mo ń sọ pé òkú kì í padà wá sí ilé rẹ̀. Bí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn nínú wáàsí, ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo máa ń rí.

Bí ó ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti èdè Lárúbáwá. Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ jáde nílé kéú kò rí irú rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀hún kì í gbéra àyàfi tó bá kún dẹ́múdẹ́mú, mo sì máa ń dé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń jà nínú kíláàsì. Ó di dandan kí n ra máṣíìnì. N kò gun máṣíìnì rí láyé mi àfi lẹ́yìn ẹlòmíràn.

N kò bẹ̀rù ìṣubú tó bí mo ṣe bẹ̀rù etí ìyá mi. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó kù fún un. Ṣé èmi ni yóò tún máa bá ohùn yẹn wọlé lójoojúmọ́, tí ìyá mi yóò máa dìde, tí yóò máa wo kọ̀rọ̀, kí ó tó rí i pé èmi ni, kì í ṣe ẹni tí ó ń retí? Mo kírun rákáà méjì, mo bẹ Ọlọ́run pé kó yan èyí tó dára fún mi. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún Màmá." Mo ní ó dáa. N kò sọ fún Màmá.

Lójú ọ̀nà Ijagun ni mẹkáníìkì tó ń ta máṣíìnì tòkunbọ̀ wà. Òun náà ló ta ti ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ọlọ́kadà kan jókòó lórí táyà níbẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n lẹ táyà rẹ̀ tó jò.

"Áfà, ẹ jókòó lé e ná," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bá tólẹ̀, àdúrà ló ń gùn, kì í ṣe máṣíìnì."

Mo jókòó lé ọ̀kan, mo jókòó lé èkejì. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣáná sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo di ojú mi, mo tẹ́tí.

"Rárá," ni mo wí. "Ẹ ṣáná sí èyí tó tẹ̀lé e."

Ó ṣáná sí òmíràn. Mo tún ní rárá. Ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"Áfà, ṣé ẹ fẹ́ gùn ún ni àbí ẹ fẹ́ fi pe ìrun?"

Ọlọ́kadà tó wà lórí táyà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò la ojú.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Èyí tí mo máa mú fún àbúrò tèmi ni mo máa mú fún yín. Kò le jù, kì í mu epo, bó bá sì kọṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ ò ní wá ẹni tó máa tún un ṣe títí." Ó fẹsẹ̀ ta á, ó gbiná.

Ohùn náà ni. Mo la ojú, n kò sì wo máṣíìnì náà rárá. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni mo wò, bí ẹni tí wọ́n pè. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ àfi obìnrin kan tó gbé igbá kọjá. Nígbà tí mo padà wò ó, mẹkáníìkì ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ má bínú, Áfà," ni ó wí. "Mo gbàgbé."

Ní ìkẹyìn, ọ̀kan tó kúrú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo mú, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní máṣíìnì obìnrin. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi sì tólẹ̀ dáadáa. Nígbà tó ṣáná sí i, ó rọra ń kùn bí ẹni tó ń ka Kùránì sínú.

"Èyí ni," ni mo wí.

"Áfà!" ni ọlọ́kadà yẹn ké. "Ẹ ra gèlè mọ́ ọn o!"

Pápá kan wà ní Ijagun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọlu igbó, fìlà mi dúró lórí koríko, èmi ń lọ. "Áfà, ẹ rọra o! Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ò sá lọ síbì kankan!" ni wọ́n ń pariwo lé mi lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹni tó mọ̀ mí nínú wọn tó lè sọ ọ́ délé. Nígbà tí mo lè yípo pápá náà láìfẹsẹ̀ tọ́lẹ̀, mo dé àṣíborí, mo gùn ún wálé.

Ó kù díẹ̀ kí a pe Aláásárì. Ìyá mi jókòó síwájú ilé, ó kẹ̀yìn sí títì, ó gbé àwo ẹ̀gúsí tó ń bó lé itan. Inú mi dùn bí mo ṣe yọ ní kọ̀rọ̀. Kò gbọ́ mi. Kò dìde, kò bu omi, kò retí ẹnikẹ́ni. Mo ní nínú ọkàn mi pé Alhamudulilahi, Ọlọ́run ti yan fún mi. Mo pa á, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

N kò tíì sọ̀rọ̀. Mo kàn dúró níbẹ̀ ni, mo ń tú okùn àṣíborí.

Ẹ̀yìn ìyá mi le. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. Kò wẹ̀yìn rárá. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá ń fi ojúlówó Ìjẹ̀bú bá a sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tí oorun rẹ̀ já: kó máa padà lọ, òun ti ṣe àdúrà fún un lónìí, kó lọ sinmi, òun ò bínú.

"Màmá," ni mo wí. "Èmi ni."

Ó ké. Àwo já bọ́, ẹ̀gúsí fọ́n ká ilẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó di apá mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ní ń wọlé báyẹn? Kí lo gbà wá?"

Mo nawọ́ sí máṣíìnì.

"Mo fẹ́ máa fi lọ síbi iṣẹ́ ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo wá èyí tí kò ní pariwo, kí ohùn rẹ̀ má baà dà yín láàmú."

"Ohùn wo?"

"Ohùn ti ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ẹ máa ń gbé omi kalẹ̀ fún un."

Ó fi apá mi sílẹ̀. "Ìwọ náà rò pé orí mi ti yí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Òkú ń ṣe àlùwàlá ni? Ṣebí ìwọ ni Áfà." Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Èmi náà kúnlẹ̀. "Sàárà ni omi yẹn. Ọlọ́kadà tí ìrun bá ká mọ́ ọ̀nà, kó dúró, kó lò ó, kí láádá rẹ̀ máa tọ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Wọ́n ti ń dúró. Ilé kọ́ ni o máa ń wà lásìkò yẹn, o ò lè mọ̀. Máṣíìnì tó bá ń dún, ọmọ ẹnìkan ló ń bọ̀ wálé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á balẹ̀."

Ó kó ẹ̀gúsí inú ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í dún," ni ó wí.

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Bó bá wá, kì í dún. Ibi tí o dúró sí yẹn ló máa ń dúró sí. N kì í wẹ̀yìn."

Mo kúrò ní ojú ibẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí Áfà sọ. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní. N kò rí i sọ fún ìyá mi. Wọ́n pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀, a ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Dá a padà," ni ó wí nígbà tí ìpè parí. "Mi ò ní kó o má gùn. Iṣẹ́ ni. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà nílé ló ń ṣọ́ ẹni tó wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n ra èyí tí mo máa gbọ́. Kó o sì tẹ họ́ọ̀nù ní kọ̀rọ̀, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni."

Mẹkáníìkì rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àbí?" Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó gé díẹ̀ nínú fóòmù ìjókòó èyí tó ga yẹn kí ẹsẹ̀ mi lè tólẹ̀, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tó ṣáná sí i, mo dúró tì í, n kò sì wo ibi tí ọ̀nà ti yà.

Mo dúpẹ́, mò ń tètè dé ibi iṣẹ́ báyìí. N kò tíì ṣubú lójú títì. Mo máa ń ṣe àdúrà kí n tó gbéra, mo sì ń sá fún ọ̀nà bí òjò bá ṣú. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá dé kọ̀rọ̀, mo ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ti yí àga rẹ̀ padà, títì ló kọjú sí. Bí mo bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, búútà ti wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í padà jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò dúró tì mí nígbà tí mo bá ń ká apá aṣọ mi sókè. Mo bu omi náà, mo fi yọ ẹnu. Ó máa ń tutù jù. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró láti gbọ́, mo sì mọ èsì rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èmi. Ìgbà mìíràn, ìyá mi á gbójú kúrò lára mi, á máa wo ẹ̀yìn èjìká mi, ẹnu rẹ̀ á sì mì díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

N kì í wẹ̀yìn. Mo ń fọ ẹsẹ̀ mi, ọ̀tún kí n tó fọ òsì, mo sì ń sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun, Màmá. Omi náà dára."