Òwú Búlúù Méjì, Yẹ́lò Kan

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, agídí rẹ̀ sì le ju áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ lọ. Kò ní ìwé oníbàárà. Òwú ló fi ń sàmì sí ìṣẹ́tí aṣọ kálukú: pupa kan fún tibí, dúdú mẹ́ta fún tọ̀hún. Bí oníbàárà kan bá kó lọ, á fi àmì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, torí àwọ̀ òwú ò pọ̀ lọ títí. Bí mo bá ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, á ní, "Orí mi ni ìwé mi. Èmi nìkan ni mo lè kà á." Ó máa ń bí mi nínú, torí kì í ṣì í.

Lọ́dún náà, ẹnìkan ń pa àwọn obìnrin ládùúgbò wa. Ó pa mẹ́ta láàárín oṣù méjì, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé wọn, kò sì já ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó fà ya ló fi ń fún wọn lọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn wa, àyà mi á já.

Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan mú èyí tí wọ́n bá lọ́rùn ẹni kẹta wá sọ́dọ̀ wa. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: òwú búlúù méjì, yẹ́lò kan. Ìyá mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ti tíṣà ni."

Tíṣà yìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ilé kejì sí wa ló ń gbé. Wọ́n gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo àdúgbò ń kí ìyá mi kú iṣẹ́, òun náà sì ń yan kiri bí ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ìyàwó tíṣà wọlé. Ẹkún ti wú ojú rẹ̀. Ó da aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì sórí tábìlì.

"Mà, ẹ wò ó. Méjì péré la ní. Méjèèjì rèé, kò sí èyí tó ya. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń gbé ọkọ mi lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n lè yẹgi fún un."

Nígbà tó fi wọ́n sílẹ̀ tó lọ tán, ìyá mi fọwọ́ pa òwú ìṣẹ́tí wọn títí. Ló bá jókòó lójijì sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

"Kí tíṣà tó dé, ta ló ni àmì yìí?" mo bi í.

"Àbúrò mi," ó ní. "Nígbà tó ń kúrò nílé yìí, mo rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin fún un. Kò gbé aṣọ wá mọ́, ni mo bá fi àmì ẹ̀ fún tíṣà. Mi ò rántí ẹ̀ rárá. Ẹni tí mò ń fọṣọ fún lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò kà á mọ́ oníbàárà."

Ìyá mi ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Bọ̀dá Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é. Òun ló ń tún iná ṣe ní gbogbo ilé àdúgbò. Kò sí ẹni tí kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa.

"Sáré lọ pe ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́," ìyá mi ní. Mo ṣì ń wá bàtà mi ni àbúrò rẹ̀ fẹ̀rín wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ó mú ìṣẹ́tí náà, ó wò ó. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àmì mi àtijọ́. Ta ló tún lè ka òwú yín yìí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi nìkan ni." Ó ti sọ ọ́ kó tó rò ó, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo rí i tí ojú ìyá mi ṣú.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ ra èédú wá."

Àpò èédú kún dẹ́nu lẹ́yìn mi. Mo jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn láti inú.

Mi ò mọ bí mo ṣe sáré. Ní tẹ́ṣàn, wọ́n ní ọ̀gá ń jẹun. Mo pariwo títí tó fi jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Nígbà tí a padà dé, ìlẹ̀kùn ṣì wà ní títì, inú ilé sì pa rọ́rọ́. Mo ti ń sunkún ìyá mi kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Fà á dáadáa. Ó tún ti wọ́."

Àwọn ọlọ́pàá fẹsẹ̀ já ìlẹ̀kùn. Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ kọjú síra wọn, wọ́n di igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń ká a bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí Bọ̀dá wà ní kékeré. Aṣọ méjì yẹn náà ni. Bí wọ́n bá ti ká a tán, ìyá mi á tún tú u, á sì tún na igun rẹ̀ sí i. Omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì.

"Bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá di aṣọ mú, mo mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà," ìyá mi sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. "Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń ká a, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ra yín. Ìgbà yẹn lẹ̀rù ń bà mí jù."

Wọ́n mú Bọ̀dá lọ, wọ́n sì tú tíṣà sílẹ̀. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó rẹ̀. A ti ra ìwé oníbàárà báyìí, èmi ni mò ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun nìkan ló ń ká a. Á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á máa rìn láti igun kan sí èkejì. Bí mo bá di etí kejì mú, á rọra gbà á lọ́wọ́ mi.